Kéèkì Tí Orúkọ Mi Wà Lórí Ẹ̀

Àfikún owó ni mo lọ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá mi lónìí, kéèkì ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n Ràfíù tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló kọ́ mi: "Má kàn wọlé lọ tọrọ owó o. Kọ́kọ́ dúpẹ́. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

Mo gbọ́ràn. Láàárọ̀, mo wọ ọ́fíìsì Miss Carol, ọ̀gá wa nílé ìtọ́jú arúgbó ní West Ridge, nílùú òyìnbó níbí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ma. Ọdún mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ yín, ìyá lẹ jẹ́ fún mi. Mi ò ní gbàgbé yín láé."

Kí n tó dórí owó, ó ti dì mọ́ mi. "Oh, Kúdí! O ń fi wá sílẹ̀!"

Kí n tó fèsì, fóònù dún, ó fọwọ́ júwe pé kí n máa lọ. Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́. Mo ní màá ṣàlàyé fún un tí iṣẹ́ bá parí.

Nírọ̀lẹ́, káàdì tí mo fi ń wọṣẹ́ ò sí lára ògiri mọ́. Kéèkì wà lórí tábìlì: "Good luck, Kudi." Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́.

"Miss Carol, mi ò lọ síbì kankan o! Owó ni mo wá tọrọ."

Ẹ̀rín kú lójú ẹ̀. "Kúdí, mo ti gba ẹlòmíì sípò rẹ."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gé ibi tí orúkọ mi wà lára kéèkì, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Òun rèé níwájú mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí wọ́n ti dágbére fún, ṣé ó tún lè yọjú síbi iṣẹ́ lọ́la?