Rárá Mẹ́rin Tí Ìyá Òótọ́ Sọ

Gbogbo ẹni tó bá ti pe ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yẹn rí ló mọ ìwà obìnrin yìí. Bí kò bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan sọ pé òun ò sí nítòsí. "Ẹ sọ fún un pé mo wà, mo jókòó, ara mi le, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ lónìí." Àwọn òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bó ṣe di Ìyá Òótọ́ nìyẹn.

Olóòtú ni. Yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn olóòtú mìíràn a máa fi àṣìṣe wọn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ẹ̀yìn, níbi tí eku gan-an ò ti ní rí i. Tirẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ní igun kan tó pè ní "Àtúnṣe". Ohun tí wọ́n bá sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì sí, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "A ò rí àṣìṣe kankan lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá wa wá a."

Fọ́tò aago ọwọ́ kan ló gbé lọ́yà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Aago àwọn ọmọdé ni, ẹ̀dà ìdánwò tí kò tí ì dé ọjà, tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń ṣọ́ bí ẹyinjú. Ọkùnrin kan tó ń yẹ bátìrì wò níbẹ̀ ló mú fọ́tò náà wá. Ó ní bátìrì yẹn ń gbóná débi pé ó ń yọ́ okùn aago, àwọn ọ̀gá mọ̀, wọ́n sì fẹ́ tà á bẹ́ẹ̀. Ìyá Òótọ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé òótọ́ ni, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó ní: "Mọ́mì, ọmọ mẹ́ta ló ń wo ọwọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí." Obìnrin náà ṣèlérí fún un.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ́ káàdì ìdánimọ̀ mẹ́rin sórí tábìlì.

"Àwọn wọ̀nyí nìkan ló fọwọ́ kan aago yẹn, mà. Tó bá di ọjọ́ Ajé, a ó lé gbogbo wọn, a ó sì fà wọ́n fún ọlọ́pàá. Àmọ́ ọ̀gá mi ní irọ́ ò sí lẹ́nu yín. Ẹni tí ẹ bá ní kì í ṣe òun, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ parí."

"Mi ò ní sọ ẹni tó fún mi."

"Mi ò bi yín ní ẹni tó ṣe é. Ẹni tí kò ṣe é ni mò ń bèèrè."

Ayafọ́tò wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Fílíìmù, pòṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ọ̀gá mi, ẹ má dá a lóhùn. Pàkúté ló fi oyin pa lẹ́nu yẹn."

"Ẹ wo eléyìí," ni lọ́yà wí. "Òun ló ń di ẹrù nílé iṣẹ́ wa. Ó lóyún, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́."

Àánú ṣe Ìyá Òótọ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Rárá. Kì í ṣe òun."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó da ojú káàdì náà dé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé obìnrin náà. Ẹni tó bá ti sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan, bó bá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sọ.

"Èyí ńkọ́?" Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Ó dákẹ́. Lọ́yà fa bírò yọ. "Ó dáa o. A ti rí i nìyẹn."

"Rárá! Kì í ṣe òun náà!"

Ó wá ku ayẹ-bátìrì-wò àti dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ di ti adìyẹ tó bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀: Olúwa, fún mi lọ́rọ̀ tí n ó sọ. Ó dúró de ìdáhùn. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìsàlẹ̀ nìkan ló gbọ́.

"Èyí ńkọ́, mà?" Baba ọlọ́mọ mẹ́ta ń wò ó láti orí tábìlì.

"Rárá," ni Ìyá Òótọ́ wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Lọ́yà gbé káàdì tó kù, inú rẹ̀ dùn. "Á jẹ́ pé dírẹ́bà ni."

"Rárá. Kì í ṣe dírẹ́bà."

Lọ́yà dá káàdì náà padà sórí tábìlì.

"Mà, irọ́ ni ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo ni?"

"Ìyẹn lẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"Ẹ̀yin! Ìyá Òótọ́! Kí ni kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi?"

"Ẹ sọ fún un pé irọ́ ti wà lẹ́nu mi báyìí. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́."

"Ẹ kó káàdì yín, lọ́yà," ni Fílíìmù wí. "Ẹ ti ta tẹ́tẹ́ yín, ẹ ò jẹ."

Lọ́yà ní wọ́n á pàdé ní kóòtù. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ibi iṣẹ́. Gbogbo ìlú ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ bátìrì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ò sì láyà láti lé aláboyún torí ohun tí kò dá a lójú. Ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ṣá, orúkọ Ìyá Òótọ́ nìkan ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń to ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà, Fílíìmù yọjú. "Ọ̀gá mi, kí ni ká kọ sí Àtúnṣe?"

Ó wo igun náà títí. Bó bá tún irọ́ rẹ̀ ṣe, ó ti tú ọkùnrin yẹn síta. Bó bá sì kọ ọ́ pé àwọn ò rí àṣìṣe, ó ti pa irọ́ mìíràn.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Lófìfo?"

"Lófìfo."

Ìyá Òótọ́ ló máa ń gbàdúrà kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí Fílíìmù gbà á. Àdúrà náà kúrú. Àmín Ìyá Òótọ́ pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde.