Òjò Lórí Páànù Ìyá Àbíjàn

Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò fẹ́ rọ̀ sí kò lè kan imú mi kí n má rántí Ẹ̀jìgbò. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé kí òjò fúnra rẹ̀ tó dé, á wá bá mi nínú ilé ńlá kan tí èmi nìkan ń gbé. Obìnrin oníṣòwò kan tó ti pẹ́ ní Àbíjàn ló ni ín, Ìyá Àbíjàn ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí géètì rẹ̀ kì í ṣí dáadáa àfi tí ọdún Iléyá bá dé. Wọ́n ní kí n máa gbé yàrá iwájú títí n ó fi parí ilé-ẹ̀kọ́, kí ilé má baà dá wà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi náà kò ní dá wà.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́, kálukú wa ló sì ní ilẹ̀ kékeré tí yóò gbin àgbàdo sí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò kò ní àkókò. Ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sáré gbìn, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń sọ. Oòrùn jó gbogbo rẹ̀. A tún òmíràn gbìn, ó wá dé tìbínú-tìbínú, ó wọ́ àgbàdo àti ilẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo bá gbé agbòjò lọ sí kíláàsì, oòrùn á ràn títí ojú á fi tì mí. Ọjọ́ tí mo bá fi í sílé, n ó dé bí adìẹ tí òjò pa. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí a jọ ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín ti gba ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ nítòsí ìlú wọn. Kí òjò pa ènìyàn kò tó nǹkan. Kéèyàn má rí ẹni tí yóò sọ fún ló ń dunni.

Ìyá Àbíjàn nìkan ló máa ń pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni lójoojúmọ́.

“Alò? Ṣé òjò ń rọ̀ nílé?”

Bí mo bá ti dáhùn, wọ́n á kí mi, ó parí. Mo gbà pé ilé wọn ló ká wọn lára. Inú máa ń bí mi, ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ páànù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan tí àwọn akẹgbẹ́ mi ti lọ sílé wọn, mo di ẹrù mi. Mo ti pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́ n ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà pátápátá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ǹ bá sọ fún? Ibi tí mo ti ń so báàgì ni ojú ọ̀run ti ṣú. Ìjì jà, ó ká páànù orí pálọ̀, ó gbé e jù sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Òjò ń rọ̀ wọlé, mo ń wọ́ àga wọnú yàrá mi, mò ń sunkún, fóònù bá dún.

“Alò? Ṣé òjò ń rọ̀ nílé?”

“Ẹ má bínú, mà. Ìjì ti ṣí páànù pálọ̀.”

“Ṣé ó bà ọ́?”

“Rárá, mà.”

“Alhamdulillahi. Páànù ṣeé kàn padà. Ti yàrá tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà, mà.”

“Gbé fóònù sún mọ́ ọn.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ṣùgbọ́n mo gun àga, mo na fóònù sókè sí páànù tí òjò ń lù, títí apá fi ro mí. Nígbà tí mo gbé e padà sétí, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọn imú.

“Abẹ́ dẹ́kìn oníkọnkéré là ń gbé níbí,” ni wọ́n wí. “Òjò á rọ̀, á dá, a ò ní gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ní kó o jẹ́ n gbọ́ ọ, ojú ló ń tì mí. Àgbàlagbà bíi tèmi.”

Mo jókòó sórí àga tí mo gùn. Ẹnu mi bá ṣí: mo sọ ti àgbàdo, mo sọ ti ọ̀rẹ́ mi, mo sọ ti ẹrù tí mo dì. Wọn kò bá mi wí.

“Bí o bá lọ,” ni wọ́n ní, “ta ni yóò máa gbé fóònù sókè fún mi?”

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn mí pé bí n kò bá sí níbì kan, nǹkan yóò dín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káfíńtà ni mo wá lọ, n kò lọ sí gárèèjì. Àgbàdo wa kò gbó lọ́dún náà, èmi sì ṣì máa ń dá jẹun lálẹ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, mo ní ẹni tí mò ń retí. Wọ́n ní òjò ló ń kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Adìẹ ni mí nígbà náà, Ìyá Àbíjàn sì ni ẹyẹlé tó ń gbé òkè, tí ilẹ̀ ń wù.

Wọ́n ti padà sí Ẹ̀jìgbò báyìí. Èmi ló kù tí mò ń gbé òkè ilé kan ní Èkó, tí àwọn ẹlòmíràn tún ń gbé lórí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí òjò lójú fèrèsé mi, kò dún rárá. Mo pè wọ́n.

“Ẹ kú ilé, mà. Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?”

“Dúró ná,” ni wọ́n wí. Mo gbọ́ tí àga ń wọ́ nílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má gùn ún, ara ti di ara àgbà, ṣùgbọ́n páànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi.