Hẹlikópítà Kì í Sanra

Òórùn tapólì tuntun ni mo fi ń rántí ọdún náà. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti tapólì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá kò lè mọ̀ ọ́n: ó ń rùn bíi rọ́bà tí oòrùn pa, ó ń ta síni nímú, á sì lẹ̀ mọ́ni lára títí délé. Nílé wa ní àdúgbò Basin, ìyá mi á ní kí n bọ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Inú mi ń dùn nígbà náà débi pé, ká ní wọ́n ń ta òórùn yẹn ní lọ́fíńdà, ǹ bá rà á.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀ ni mo wà, ní Táíwò Road. Mo ti ṣe fúrídọ̀mù, mo ti gbàwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mi ò kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà wù mí, ká má parọ́, mo sì tún gbà pé láìsí mi, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún á dojú dé. Agbádá àti babaríga ni bàbá fi lórúkọ ní Ìlọrin. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, ẹni tó ń joyè, ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àmọ́ ayé ti ń yí. Aṣọ tí wọ́n ti rán tán ti kún ìgboro, kọ̀ǹpútà á sì ti kọ ọnà sọ́rùn aṣọ tán kí bàbá tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní àdúgbò Fate ti rí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà láti máa ta fóònù níbẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ojú bàbá tó ti ń ṣe bàìbàì ló ń ká a lára. Bàbá sì ti gbà: bí Iléyá bá kọjá tí iṣẹ́ gidi kò wọlé, òun á fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo bínú débi pé mi ò kí ọmọ bàbá nígbà tó tún wá. Bí ẹni pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, obìnrin kan wọlé wá gba agbádá bàbá rẹ̀, aṣọ sójà òfurufú lọ́rùn rẹ̀. Ẹnjiníà ni. Òun ló ń bójú tó àwọn hẹlikópítà tí wọ́n gbé sí pápá ọkọ̀ òfurufú, irú èyí tí wọ́n fi ń kó sójà, tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ àti aláìsàn. Dípò kó wo iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, ńṣe ló yí i sódì, ó di ojú rírán rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fà á. Kò ya. Ó tún fà á. Bàbá ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fa ọmọ rẹ̀ létí.

Ló bá sọ tẹnu rẹ̀. Hẹlikópítà ní ìbòrí tí wọ́n fi ń bo ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó bá wà nílẹ̀, kí eruku ọyẹ́ má baà wọ inú rẹ̀, kí ẹyẹ má baà tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Bó bá ya, wọ́n á máa retí òmíràn títí ọrùn á fi ro wọ́n. Àwọn ọ̀gá wọn wá ní ohun tí ọwọ́ ọmọ ilé bá ká, kí wọ́n máa rà á nílé.

“Bàbá, ẹ lè rán an?” ó béèrè. “Ẹ̀yin àti ṣọ́ọ̀bù kan mìíràn ni màá fún láti fi dán an wò. Èyí tó bá dúró nínú atẹ́gùn, òun la ó máa bá ṣiṣẹ́ lọ.”

Bàbá ṣì ń ronú. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní a lè rán an, mà, kò le rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò tíì fojú kan hẹlikópítà nílẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá ní òun kì í rán aṣọ fún ẹni tí òun kò rí, nítorí náà wọ́n mú wa lọ bá a. Lójú ọ̀run, bí eṣinṣin ló máa ń rí. Nílẹ̀, ó ga jù mí lọ fíìfíì, àwọ̀ ewé gbígbẹ ló ní, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá yọ téèpù lọ́rùn, ó rìn yí i ká bó ṣe máa ń yí alhájì olówó ká. “Máṣá Allah,” ó ní, “àyà rẹ̀ gbòòrò.” Ẹnjiníà ní ẹnu ẹ́ńjìnnì nìkan la wá wọ̀n. Bàbá ní kò burú, síbẹ̀ ó wọ̀n ọrùn, ó wọ̀n èjìká, ó sì wọ̀n ìdí pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e dùn ju ọdún lọ. Tapólì le, abẹ́rẹ́ ń kán, a ń fi àbẹ́là pa òwú kó lè máa yọ̀, bàbá sì ń kọrin sẹ́nu bí ọ̀dọ́. Mo ti sọ fún gbogbo Táíwò Road. Mo sọ fún ìyá oníwàrà tó ń jókòó síwájú wa, mo sọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo sọ fún ọlọ́kadà tí kò tilẹ̀ bi mí. Ìyá oníwàrà ní, “Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbé fò ni?” Mo ní kó máa wòran. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

Ohun kan wà tí gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá máa ń ṣe láìronú. Aṣọ yòówù tí a bá ń rán, a máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sétí inú, a ó ṣẹ́ ẹ pọ̀, a ó rán an mọ́ ibẹ̀. Àláwáǹsì là ń pè é. Ẹni tó bá sanra lọ́la á gbé aṣọ rẹ̀ padà wá, a ó tú etí rẹ̀, á sì tún gbà á. Bàbá ní ẹni tó bá rán aṣọ láìfi ààyè sílẹ̀, àdúà ló ń ṣe kí oníbàárà rẹ̀ má jẹun yó. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fi àláwáǹsì sí ìbòrí hẹlikópítà, yípo yípo, mo sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n so ó mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì hẹlikópítà kan, wọ́n sì tan òmíràn nítòsí rẹ̀ kí atẹ́gùn rẹ̀ lè máa fẹ́ ẹ. Wọ́n ti sọ fún wa pé ti ṣọ́ọ̀bù kejì ya láàárọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí àánú ṣe. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, eruku dìde, fìlà bàbá fò lọ, mo fọwọ́ méjèèjì di hìjáàbù mi mú. Ìbòrí wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú bí ikùn aboyún, ó mì, ó bọ́, ó sì gba ojú ọ̀dà lọ, sójà méjì ń sáré tẹ̀lé e.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnjiníà yí ìbòrí náà sódì, ó fìka tọ ibi tí a ṣẹ́ pọ̀, tí kò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ irin, tí atẹ́gùn fi ráyè wọlé.

“Bàbá, kí ni gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ kó síbí?”

“Àláwáǹsì ni,” bàbá dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. “Tó bá sanra lọ́la ńkọ́?”

Obìnrin náà fún ẹnu pọ̀, ó gbìyànjú, ẹ̀rín borí rẹ̀. “Bàbá mi, hẹlikópítà kì í sanra.”

Àwọn sójà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Iléyá tó kù sí dẹ̀dẹ̀ ni mo ń rò, àti ojú tí màá fi wo ìyá oníwàrà. Ẹnjiníà ní òun á fún wa láyè kan sí i, kan ṣoṣo: ká gbé òmíràn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó gé e. Mo wọ̀n ọ́n: àláwáǹsì wà níbẹ̀. Ó gé òmíràn, ó tún wà níbẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọwọ́ òun ló ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Tapólì sì ti ń tán lọ. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó na àlùmọ́gàjí rẹ̀ sí mi. Ọ̀gá télọ̀ kì í fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án rí àfi tí mo bá fẹ́ nù ún.

“Gé e bó ṣe rí gan-an,” ó ní. “Má fún un ní nǹkan kan lé e.”

Ó yíjú síta, kò wò mí. Ó ń ṣe mí bákan, bí ẹni tó ń ṣahun sí àlejò, ṣùgbọ́n mo gé e sórí ìlà.

Ní Jímọ̀, ìbòrí náà wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń wọ ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Atẹ́gùn dé. Etí rẹ̀ mì díẹ̀, ó dúró. Wọ́n mú kí abẹ̀bẹ̀ yí kíkankíkan sí i. Ó dúró digbí. Mo pariwo, mi ò mọ ohun tí mo wí, mo sì gbá ẹnjiníà náà mọ́ra pẹ̀lú gbogbo aṣọ sójà rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tú ìbòrí náà, wọ́n sì gbé hẹlikópítà ọ̀hún gòkè lójú wa, ó dorí kọ apá Táíwò Road. Bàbá fojú tẹ̀lé e títí. “Mo mọ ìwọ̀n ọrùn ẹ̀,” ó wí fún sójà tó dúró tì í.

Iléyá kọjá. Ọmọ bàbá wá, kò rí ibi tẹsẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù, tapólì ti kún dẹ́nu ọ̀nà. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó ní ibo ni òun lè jókòó sí. Mo kí i lọ́jọ́ náà, mo sì gbé àga fún un.

Bàbá ti lọ báyìí, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Nígbà tí a sìnkú rẹ̀ tán, ìyá oníwàrà ní bí onírèsé kò bá fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. À ń rán ìbòrí, à ń rán okùn ìjókòó hẹlikópítà, à ń rán aṣọ ènìyàn náà, àlùmọ́gàjí bàbá la sì fi ń gé gbogbo rẹ̀.

Aṣọ aláró kan wà tí bàbá rán fún mi lọ́jọ́ fúrídọ̀mù mi, nígbà tí mo tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ọmọ bíbí ti mú ìyẹn kúrò. Láìpẹ́ yìí mo yọ ọ́ jáde kí n fi tọrẹ, nítorí kò kọjá èjìká mi mọ́. Kí n tó ká a, mo yí i sódì, ìwà télọ̀, mo tú etí rẹ̀. Aṣọ wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, lábẹ́ abíyá, ó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tí mo bá bàbá rán aṣọ fún rí. Gbogbo ibi yòókù ti ṣá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ṣì dúdú minimini, oòrùn kò kàn án rí. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mo sì tún un rán. Òun ni mo wọ̀ ní Àlàmísì tó kọjá, nígbà tí mo ń gbé ìbòrí tuntun lọ fún àwọn sójà. Ó gbà mí, ààyè sì tún ṣẹ́kù.