Ìyá Mi àti Ajá Aládùúgbò Lórí Òkè Ilé Olódi

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Manchester. Láti ilé dé ilé ni, láti Harpurhey dé Cheetham Hill. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń kọ ohun tí wọ́n jẹ àti ìgbà tí wọ́n tọ̀ sínú fóònù ilé iṣẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. N kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: mo fi ìgbéraga sọ ọ́. Kò sí arúgbó kankan tó ṣubú lọ́wọ́ mi rí.

Nígbà tí ìyá mi wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ iṣẹ́ yìí náà ni mo fi gbà wọ́n. Kí wọ́n tó dìde lórí àga, mo ti di ìgúnpá wọn mú. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ti dúró níwájú wọn, mo ti na ọwọ́ méjèèjì. Mò ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ wọn. Mo kìlọ̀ fún wọn pé tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, wọn kò gbọ́dọ̀ dá jáde. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ bi wọ́n pé, "Mà, ẹ ti yàgbẹ́ lónìí?" Ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ náà ni ojú tí wọ́n máa ń fi wò mí ní kékeré kí wọ́n tó nawọ́ sí pàṣán.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n pè mí jókòó.

"Bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Kí ló dé, mà? Ṣé òtútù ni?"

"Òtútù kọ́. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń rìn dé oko kòkó mi títí tí mo fi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Àtìgbà tí mo ti dé ibí lo ti sọ mí di aláìsàn. Èmi kì í ṣe oníbàárà rẹ o."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì bí mi nínú. Ọdún mẹ́rin ni n kò fi ojú kan wọn. Ṣé ẹni tí a ń ṣìkẹ́ ló ń bínú báyìí? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó pe àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Bàbá òyìnbó tó wà nílé kejì sí wa ní ajá ńlá kan, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ níbàdí bàbá náà, nítorí náà èmi ni mo ń bá a mú ajá jáde ní Sátidé. Ìyàwó bàbá ti kú, ajá yìí nìkan ló ń bá a gbélé. Ìyá mi ka ìrìn ajá yìí sí wèrè. "Ó kù kí o pọ̀n ọ́n," ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá rí mi tí mò ń so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá bẹ̀ mí pé kí n mú ajá lọ sórí òkè kan tí àwọn méjèèjì máa ń gùn nígbà gbogbo tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé olódi àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀, ilé òkúta tí àwọn ọba wọn fi ń ṣọ́ ilẹ̀ láyé ọjọ́un. Mo mú ìyá mi dání kí wọ́n lè gba afẹ́fẹ́ sára. Ètò mi ni pé kí wọ́n jókòó sí ilé tíì tó wà nísàlẹ̀ òkè títí n ó fi dé. Lẹ́nu ọ̀nà ilé tíì náà, abọ́ omi ti wà nílẹ̀ fún ajá.

"Ajá ti ń rí omi mu, èmi ò tíì rí ibi jókòó," ni ìyá mi wí. Wọ́n wo òkè náà látìsàlẹ̀ dókè. "Ibo lẹ̀ ń lọ? Ibẹ̀ yẹn? Èmi náà ń lọ."

"Mà, ó ga. Ilẹ̀ ń yọ̀."

"Ohun tí kò tó ìdajì òkè wa." Wọ́n tún ìró wọn ró lábẹ́ kóòtù, wọ́n fa okùn bàtà kánfáàsì wọn le, ó di ọ̀nà.

Mo di ìgúnpá wọn mú ní ọwọ́ ọ̀tún, mo di okùn ajá mú ní ọwọ́ òsì. Tọkọtaya òyìnbó kan kọjá lára wa pẹ̀lú ajá kékeré méjì. Wọ́n kí wa, ọkùnrin náà sì bi mí bóyá ìyá yìí á lè débẹ̀. Èmi ni ó bi, kò bi ìyá mi tó dúró síwájú rẹ̀. Èmi náà sì dáhùn, mo ní a ò ní í jìnnà, a máa tó padà. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

A dé ibi ògiri òkúta kan tí wọ́n fi pákó ṣe àtẹ̀gùn lé lórí kí ènìyàn lè gbà á kọjá. Pátákó kan wà níbẹ̀: kí oníkálukú so ajá rẹ̀, torí ajá tó bá lé àgùntàn, olóko lè yìn ín níbọn. Mo kà á tán. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ lé pákó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí wọn mú. Ọwọ́ méjèèjì, èmi tí mo ní ajá lọ́wọ́!

Kí n tó mọ̀, ajá ti wà láàárín àgùntàn.

Àwọn abiyamọ àgùntàn túká pẹ̀lú ọmọ wọn. Mo fo ògiri, mò ń sáré, mò ń pariwo orúkọ ajá. Bí mo ṣe ń sáré ni òun náà ń sáré. Mò ń ronú ohun tí n ó sọ fún bàbá tí ìbọn bá dún. Ibẹ̀ ni mo ti yọ̀, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi rọ́.

Mo wá gbọ́ súfèé kan lẹ́yìn mi, ó mú létí ju ti olùkọ́ eré ìdárayá lọ. Ìyá mi ni. Ìyá mi tí kì í jẹ́ kí n súfèé nílé torí pé ọmọbìnrin ni mí, ìka wọn méjì wà lẹ́nu! Ajá dúró. Wọ́n súfèé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá kẹ̀yìn sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ ní tiwọn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ajá ò kàn wọ́n. Ajá wo àgùntàn, ó wo ẹ̀yìn ìyá mi, ó sáré tẹ̀ lé wọn. Wọn ò yára. Wọ́n jẹ́ kó dé ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mú okùn rẹ̀.

"Ò ń lé e, ó rò pé eré lẹ jọ ń ṣe," ni wọ́n wí. "Ajá oko mẹ́ta ni mo tọ́ kí n tó bí ọ."

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mà, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Èyí gbọ́. Ìwọ ló kù."

Mo ní kí a máa padà. Wọ́n ní padà lọ ṣe kí ni, ṣé ìsàlẹ̀ ni bàbá ní kí ajá òun dé ni? Wọ́n gba iwájú pẹ̀lú ajá. Èmi ni mò ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, èmi ni mo di ẹ̀yìn kóòtù wọn mú níbi tí ọ̀nà ti dá gẹ̀rẹ́. Nígbà tí a dé orí òkè, tọkọtaya tó kọjá lára wa lẹ́ẹ̀kan ti jókòó sórí koríko. Obìnrin náà wò mí, ó wá bi ìyá mi bóyá ara mi le.

"She is my daughter," ìyá mi dáhùn. "She is trying."

Orí mi wú. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní í jọ àsọdùn. Mo fẹ́ pe gbogbo ẹni tó wà lórí òkè náà kí wọ́n wá wo ìyá mi.

Ilé olódi náà ò ní òrùlé mọ́. Ilé ìṣọ́ kan ló kù tó dúró, àti ògiri tí koríko ti bò. Ìyá mi rọra fi ọwọ́ pa òkúta rẹ̀. Ìlú tiwọn náà wà lórí òkè rí, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. "Omi ló lé àwọn yìí sọ̀kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Ta ló fẹ́ máa pọn omi wá síbí lójoojúmọ́? Àwọn obìnrin ló máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó kúrò."

Mo kúnlẹ̀ lórí koríko, ọrùn ẹsẹ̀ ń ta mí. "Ẹ má bínú, mà. Mo ṣàṣìṣe."

"Dìde, ẹsẹ̀ ń dùn ọ́." Wọ́n na ọwọ́ kan sí mi. "Má pe àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣùgbọ́n o máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé."

Mo fún wọn kí a tó wọlé lọ́jọ́ náà.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, obìnrin díákónì kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rí i pé èmi nìkan ló kù síbẹ̀, pé ìyá mi ti jáde ní tiwọn nígbà tí ìsìn parí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Sister, Mummy ń kọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn? Ibo ni wọ́n wà?"

Lójú ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́. Mo gbé orí sókè, mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún un pé mi ò mọ̀.