Nọ́ọ̀tù Tí A Kò Rí

"Kà." Ohùn kan ṣoṣo yẹn ni mọ́tò wa dá nígbà tí Dádì yí kọ́kọ́rọ́, iná iwájú rẹ̀ sì kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún un yí. "Kà." Òórùn àkàrà ń wọlé láti ẹnu géètì àdúgbò wa ní Festac, àwa ọmọ mẹ́ta sì dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká. Bọ̀dá tó ń wa mọ́tò fún wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Dádì sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò pariwo; wọn kì í ṣe aláriwo.

"Ìwọ lo gbé mọ́tò yìí lọ sí Alákijà ní ọjọ́ Ẹtì, o sì pẹ́ kí o tó dé. Bátìrì tuntun ni mo rà. Níbo lo gbé e sí?"

"Dádì, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Kí o kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Yàrá ẹ̀yìn náà ni Bọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọ wọn kò tíì pé ogójì ọjọ́; a ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí. Mo gbọ́dọ̀ sọ, kí n má baà fi Dádì hàn bí ìkà, pé bí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ṣe ń ronú nígbà yẹn nìyẹn: bí mọ́tò bá ti kọ̀, dírẹ́bà ti fi àlòkù pààrọ̀ bátìrì.

Màmá mi ló ní kí a kọ́kọ́ pe Bàbá réwáyà tó ń bá wa tún iná mọ́tò ṣe.

Bàbá yìí ní àtíbàbà kan nítòsí Apple Junction. Àwọn kan ń pè wọ́n ní mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mọ́tò nìkan ni iṣẹ́ réwáyà. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ju Dádì lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Òórùn òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ wà lára aṣọ wọn, pa pọ̀ mọ́ ti àdí àgbọn tí wọ́n fi ń pa orí. Wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọn kò sì ṣí mọ́tò. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí.

"Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn? Ta ló fọwọ́ kàn án látìgbà yẹn?"

"Dírẹ́bà yìí ni," Dádì dáhùn.

Bàbá gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n yọ gílóòbù kékeré kan tí wáyà méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n nà án sí Dádì. Àṣà wọn nìyẹn: onímọ́tò ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àìsàn mọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ tètè jáde."

"Èmi náà fẹ́ kí ẹ tètè jáde. Ẹ dì í mú."

Dádì fi wáyà kan sí orí kìíní bátìrì, wọ́n fi èkejì sí orí kejì. Gílóòbù náà tàn yòò.

"Bátìrì yìí, ó kú àbí ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

"Tiyín ni?"

Dádì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ti fi ìṣó kọ àmì tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Àmì náà wà níbẹ̀. "Tèmi ni," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti rọ̀.

"Ó dáa. Ẹ mú wáyà kejì kúrò níbẹ̀, ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì."

Gílóòbù náà kò tàn. Bàbá yíjú sí àwa ọmọ, wọ́n ní, "Iná ń jáde láti orí kan, ó sì gbọ́dọ̀ gba ara irin mọ́tò padà sí orí kejì. Tiyín ò rí ọ̀nà padà." Wọ́n fi ìka tọ wáyà dúdú láti bátìrì dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara mọ́tò. Ibẹ̀ ń dán, òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀.

"Ta ló kun ibí?"

Dádì ni. Nítorí atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ba irin jẹ́ ládùúgbò wa, wọ́n ti tú wáyà náà ní Sátidé, wọ́n kun abẹ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì dè é padà. Àwa ọmọ la gbé agolo ọ̀dà fún wọn.

"Iná ò lè gba inú ọ̀dà kọjá," Bàbá wí jẹ́ẹ́. "Àwọn tó mọ́ tónítóní ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Onídọ̀tí ò jẹ́ rántí kun ibẹ̀."

Wọ́n fún Dádì ní sáńpépà. Dádì ha irin náà títí ó fi funfun, wọ́n de wáyà náà padà, Bọ̀dá sì yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà.

Dádì ń nu ọwọ́, wọ́n ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí mọ́. Bàbá wò wọ́n, wọ́n wo Bọ̀dá, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ, nọ́ọ̀tù mi kan, irin kékeré tí a fi ń de wáyà, ti bọ́ sínú koríko ọ̀hún. Ẹ wá bá mi wá a. Ìyá wọn, ẹ jọ̀ọ́, omi mímu." Màmá wọlé. Bàbá kó wa lọ sí ẹ̀bá ògiri, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí mọ́tò. Mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn.

"Ilẹ̀ ni nọ́ọ̀tù ń bọ́ sí," ni wọ́n wí fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Dádì, ó lọ sílẹ̀ gan-an. "Má bínú. Èmi ni mo ṣe é, mo sì dì í rù ọ́. Ẹ ò lọ síbì kankan."

"Ó ti tán, Dádì."

N kò tíì gbọ́ kí Dádì bẹ ẹni tí wọ́n jù lọ rí.

A pẹ́ dé ilé ìwé, inú sì bí mi sí nọ́ọ̀tù tí a kò rí. Ó tó ọdún mélòó kan kí ó tó yé mi pé nọ́ọ̀tù kankan kò bọ́ rárá.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Bí wọ́n bá ní ọmọ kan jí nǹkan, mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án kọ́kọ́ tú àpò ara rẹ̀ wò, kí ó fara balẹ̀ tú u. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni nǹkan náà ń wà. Nígbà náà ni mo máa ń rán àwọn ọmọ yòókù jáde lọ bá mi wá ṣọ́ọ̀kì, èmi náà á sì kọjú sí pátákó, màá máa kọ déètì, díẹ̀díẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi sọ̀rọ̀ tán.