Igi Fúrúùtù Ilé Wa Kò Ní Wó

Wọ́n fẹ́ gé igi fúrúùtù ilé wa ní Agbówó láàárọ̀ yìí, nítorí ewé lásán!

Ọyẹ́ ti mú kí ewé rẹ̀ pọ́n, ó wá ń wọ́wé ṣáá. Àwa ayálégbé la sì ń gbálẹ̀ àgbàlá, yàrá kan lónìí, yàrá mìíràn lọ́la. Kí o tó nàró tán, ilẹ̀ ti tún pupa.

Ni Ìyá Ṣadé, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, bá lọ pe Bàbá onílé. Bàbá mú ẹni tó máa gé e wá, tòun ti àáké.

Èmi ni ilẹ̀ gbígbá kàn lónìí. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti igi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

"Ṣé ìwọ lo máa máa gbá ewé ẹ̀ ni?"

"Èmi ni, sà. Màá gbá a fún gbogbo ilé, títí ọyẹ́ á fi kásẹ̀ nílẹ̀."

Ìyá Ṣadé pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí aláàáké máa lọ. Bí wọ́n ṣe yíjú padà, atẹ́gùn fẹ́, ewé bo gbogbo ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Gbogbo ilé ń wò mí. Mo bá mú ìgbálẹ̀ mi.

Ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n màá gbá a.

Ooru ń bọ̀ ṣá. Igi yìí á ti rúwé tuntun nígbà yẹn. Bí NEPA bá mú iná lọ lọ́sàn-án, Ìyá Ṣadé ló máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: tí wọ́n bá gbé ẹní dé, kí n sún fún wọn, àbí kí n kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀ lé wọn lọ́wọ́?