Ẹṣin Opó Nínú Ọgbà Ìféfé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí ìrì dídì bo òrùlé ní Ha Rasetlai, abúlé wa, ni ẹṣin tó ń jẹ́ Lefokotsane kọ́kọ́ wúkọ́. 'Mamosele ń gbọn pòròpórò àgbàdo sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹṣin náà na ọrùn sílẹ̀, ikùn rẹ̀ sún kì, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ikọ́ gbígbẹ tó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi pátákó gbá ògiri. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó ń jẹun lọ. Obìnrin náà rò pé pòròpórò ló há a lọ́fun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Orúkọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ní èdè wa ni Phakiso, ọkọ rẹ̀, fi sọ ẹṣin yìí, nítorí bó ṣe máa ń yí kọ́nà òkè láìfẹsẹ̀ kọ. Phakiso kú ní ìgbà ìkórè. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n wọ aṣọ dúdú fún opó rẹ̀, wọ́n sì kó màlúù mẹ́rin tó fi sílẹ̀ lọ sí ọgbà Tseko, ẹ̀gbọ́n Phakiso. Ẹṣin nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún 'Mamosele, nítorí mọ́tò kì í dé ọ̀dọ̀ wa, òun àti ẹṣin náà ló sì ń bá abúlé gbé àgbàdo kọjá òkè lọ sí ilé ọlọ, àpò méjì lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ló ń jẹ.

Opó tí kò tíì bọ́ aṣọ dúdú kì í wọ ọgbà olókùúta tí ẹran ń sùn. Ibi àwọn ọkùnrin ni. Nígbà tí òtútù wá dé, tí olè sì kó ẹṣin méjì ní abúlé tó tẹ̀ lé tiwa, 'Mamosele mú Lefokotsane wọ inú ilé ìdáná rẹ̀. Ó fi amọ̀ dí fèrèsé, ó kó pòròpórò jọ síbẹ̀ títí ó fi kan òrùlé, ó sì ń fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lójú tirẹ̀, ọba kan kò tọ́jú ẹṣin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ikọ́ náà di ọjọ́ mẹ́sàn-án, aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ 'Malehloa gbé ewé kíkorò wá, èyí tí àwa ń lò fún ikọ́ ọmọdé.

"Ohun tó bá wo àyà ènìyàn, á wo àyà ẹṣin. Ṣebí àyà náà ni," ó ní.

Wọ́n fi iná sí ewé náà nínú abọ́, wọ́n gbé e sábẹ́ imú ẹṣin, wọ́n sì fi kúbùsù bo orí rẹ̀. Lefokotsane wúkọ́ títí orúnkún iwájú rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Ó ń jáde!" 'Malehloa pariwo. "Ikọ́ ọ̀hún ti ń jáde!"

"Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń jáde, ìwọ obìnrin yìí!" 'Mamosele fa kúbùsù kúrò, ó da omi sórí abọ́.

Ariwo yẹn ló pe Tseko wọlé. Tseko kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń gba ohun tí bàbá rẹ̀ sọ gbọ́ ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fetí sí ẹṣin náà fún ìgbà díẹ̀.

"Nígbà tí Phakiso wà láyé, ǹjẹ́ ó wúkọ́ báyìí rí?"

"Rárá, Ntate," ó ní, bí a ti ń pe àgbà ọkùnrin ní bàbá.

"O rí i fúnra rẹ. Òkùnkùn ikú ṣì wà lára rẹ, 'Mamosele. Mi ò bú ẹ o; ó wà lára gbogbo opó. Ẹṣin ni kì í lè gbé inú rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá ti lé, màá wá mú un sọ́dọ̀ mi."

"Tó bá wá san kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

Tseko rò ó. "Màá gùn ún dé orí òkè. Tí kò bá wúkọ́ bí aláìsàn, kó dúró."

"Kí ni n ó wá fi gbé àpò, Ntate, tẹ́ ẹ bá mú un lọ?"

"Orí ni ìyá mi fi ń gbé tiẹ̀," ó ní, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni 'Mamosele ti ń ṣọ́ ẹṣin náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Bó bá dáná, ẹṣin wúkọ́. Bó bá gbọn pòròpórò, ó wúkọ́. Ní ọ̀sán, bó bá fà á lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó di okùn rẹ̀ mú títí oòrùn fi rọ̀, kò wúkọ́ rárá. Obìnrin náà bi ara rẹ̀ léèrè: bó bá jẹ́ pé òkùnkùn ara òun ni, ṣé òun bọ́ ọ sílẹ̀ nílé kí òun tó jáde ni?

Ní ọjọ́bọ̀, Ntate Lepekola, ọkùnrin tó máa ń gun ẹṣin káàkiri láti fún àwọn ẹran ní oògùn, wá sí abúlé nítorí àgùntàn. 'Mamosele mú un wá sílé. Ọkùnrin náà gbé etí lé ìhà Lefokotsane, ó wo ihò imú rẹ̀, ó fọwọ́ wá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹ jù mí lọ."

"Ara rẹ̀ ò gbóná, imú rẹ̀ ò sì da ikun. Kì í ṣe èyí tó ń ràn. Ibo ló ń sùn?"

Ó nawọ́ sí ilé ìdáná. Ọkùnrin náà wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú omi lójú, tó ń wúkọ́.

"'M'e, ìyá wa, ṣé ẹ fẹ́ gùn ún ni àbí ẹ fẹ́ fi í ṣe ẹran gbígbẹ?" Ó da pòròpórò tó mú jáde sílẹ̀, funfun ti hù sí i. "Èyí ti bu. Èéfín lókè, eruku nísàlẹ̀. Ẹ gbé e jáde. Òtútù kì í pa ẹṣin tó yó. Ẹ máa rẹ oúnjẹ rẹ̀ sómi, kó má sì ru ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; lẹ́yìn náà, àpò kan ṣoṣo ná."

"Oògùn ńkọ́, Ntate?"

"Afẹ́fẹ́ ni oògùn ẹ̀."

"Èló ni?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ òkè yẹn."

Ibi tí yóò gbé e jáde sí wá di ìṣòro. Òfin kò jẹ́ kó wọ ọgbà olókùúta. Olè wà ní gbangba. Bó bá sì fà á lọ sí ọgbà Tseko, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ìgbà tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé ni ojú rẹ̀ ṣí. Gbogbo ilé wa ló ní ọgbà ìféfé níwájú, èyí tí obìnrin ń fọwọ́ ara rẹ̀ so. Obìnrin ló ni ín. Olóyè pàápàá ń kanlẹ̀kùn kó tó wọ̀ ọ́. Ti 'Mamosele ti wó lápá kan. Ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóyè láti gé ìféfé létí odò. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti 'Malehloa fi gé e, tí wọ́n fi so ó, títí ọgbà náà fi ga ju èjìká ẹṣin lọ, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀kùn ibi tí 'Mamosele ń sùn.

Àwọn ọkùnrin tó ń ti ibi ọtí bọ̀ dúró wò ó. "Ìyàwó tuntun ni ẹ gbé síbẹ̀ yìí?"

"Ìyàwó ni," 'Malehloa dáhùn. "Irun rẹ̀ gùn, ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í jágbe mọ́ni. Ta ló ní irú ẹ̀ nílé nínú yín?"

Kò rọrùn bó ṣe dùn lẹ́nu. Pòròpórò tó kọ́kọ́ rẹ sómi lálẹ́ dì, ó le bí páànù, Lefokotsane sì ń fi pátákò gbá a. 'Mamosele yí ìgbà rẹ̀ padà, ó ń rẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ó sì ń fún un kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ikọ́ náà kò tíì lọ. Ó kàn dín kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlá, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bí òwú. 'Mamosele jáde, ó di okùn ẹṣin mú, ó wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lefokotsane kẹ́yìn sí ìféfé, kúbùsù Phakiso wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹun. Obìnrin náà dúró síbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kú tipiri. Lẹ́yìn náà ó tú okùn náà sílẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí oṣù tuntun lé, Tseko dé pẹ̀lú gàárì àti ìjánu. Ó gun ẹṣin náà, ó sì darí rẹ̀ sí ọ̀nà òkè. 'Mamosele àti 'Malehloa dúró létí ọgbà, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n gbọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. 'Malehloa fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹṣin àti ọkùnrin náà kéré sí i lójú ọ̀nà, wọn kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lókè yẹn, Tseko nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Oòrùn ti yẹ̀ kó tó padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, òógùn ẹṣin náà ń rú bí ooru.

"Ko ko," ó ní, gẹ́gẹ́ bí àlejò.

"Ẹ wọlé, Ntate."

Kò wọlé. Ó na ìjánu gba ẹnu ọ̀nà. "Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nísàlẹ̀."

"A gbọ́ ọ."

"Lókè, kò wúkọ́." Ó nu imú rẹ̀. "Èmi ni mo wúkọ́, nígbà tó ń sáré gòkè ibi olókùúta. Mo sọ pé kó rọra, kò dá mi lóhùn."

'Mamosele gba ìjánu náà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó ń tú okùn gàárì nígbà tí Tseko tún sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ lára ìféfé.

"Lọ́jọ́ wo lo fẹ́ lọ sí ilé ọlọ?"

"Ntate Lepekola ní kó ru àpò kan ṣoṣo ná. Bóyá lọ́jọ́ Ajé."

"Àpò kan." Ó mi orí. "Ìyẹ̀fun àgbàdo ti tán nílé tiwa."

"Ẹ gbé àgbàdo yín wá kí oòrùn tó yọ, Ntate," ó ní. "Tí 'Malehloa bá ṣáájú yín, ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."